Kọ́kọ́rọ́ okùn (èyí tá a fi ń fa okùn le) fún gìtá àtijọ́: irú ti tẹ́lẹ̀ ni, àbí èyí tó ń ti okùn pa?

Kó o tó ra èyíkéyìí, fi lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsù kun ojú ilà tóóró tí okùn ń gbà kọjá lókè ọrùn gìtá, kí okùn lè máa yọ̀ níbẹ̀. Bí ohùn bá ṣì ń yẹ̀, tí òpó kọ́kọ́rọ́ sì ń mì lọ́wọ́ rẹ, eyín inú rẹ̀ ti jẹ nìyẹn.

Irú ti tẹ́lẹ̀, ìyẹn ti ilé iṣẹ́ Kluson, ló bá ọrùn àtijọ́ mu jù. Ihò tí kọ́kọ́rọ́ yìí ń wọ̀ sábà máa ń fẹ̀ tó mílímítà 8.7, torí náà o ò ní gbẹ́ igi kankan. Búṣì, ìyẹn òrùka irin tó wà lẹ́nu ihò náà, ni kó o ṣọ́ra fún: ọ̀dà àtijọ́ máa ń lẹ̀ mọ́ etí rẹ̀, bó o bá sì fipá fà á, ọ̀dà á ṣí bí èèpo. Fi orí irin ìjólẹ́ẹ̀dì gbígbóná kan búṣì náà díẹ̀, kó o wá rọra tì í jáde láti ẹ̀yìn. Síkúrúù kéékèèké tó ń de kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ igi máa ń ṣẹ́ sínú igi líle. Fi àbẹ́là pa á lára kó o tó dè é.

Èyí tó ń ti okùn pa dára gan-an fún ẹni tó ń pààrọ̀ okùn lemọ́lemọ́, torí kì í fẹ́ kó o wé okùn púpọ̀. Àmọ́ mílímítà 10 ni ọ̀pọ̀ wọn ń fẹ́. Má lo dírìlì o! Á gé igi já létí ihò. Irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tó ń fẹ ihò díẹ̀díẹ̀ ni kó o fọwọ́ yí, láti iwájú àti ẹ̀yìn. Kọ́kọ́rọ́ tó ń ti okùn pa tún sábà máa ń wúwo, orí gìtá sì lè máa tẹ̀ sílẹ̀.

Fún ọrùn tí ihò rẹ̀ ṣì pé, irú ti àkọ́kọ́ ni màá mú.