SR-IOV, OVS-DPDK tàbí XDP: èwo ló yẹ VNF yín?

VNF ni iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, bíi firewall tàbí router, tó ń ṣiṣẹ́ bíi sọ́fítíwíà nínú sáfà. Àwọn mẹ́ta òkè yìí ni ọ̀nà láti mú kí pákẹ́ẹ̀tì (ègé dátà) tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kí ẹ tó bèèrè èwo ló yára jù, ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀nà tí pákẹ́ẹ̀tì yín ń gbà kọjá nínú sáfà. Lórí ìlà gígábíìtì 10, pákẹ́ẹ̀tì oníbáìtì 64 tó lè kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan tó mílíọ̀nù 14.88. Nanosecond 67 péré ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Lórí CPU oní-3 GHz, nǹkan bíi cycle (ìṣísẹ̀ CPU) 200 nìyẹn. Linux lásán, tó ń dá CPU dúró lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí pákẹ́ẹ̀tì bá dé, tó tún ń dà á kọ láti ibi kan sí òmíràn nínú mẹ́mórì, kò lè sá irú eré yẹn.

SR-IOV. Káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń pín ara rẹ̀ sí káàdì kéékèèké tí wọ́n ń pè ní VF, VM (kọ̀ǹpútà oní-sọ́fítíwíà inú sáfà) kọ̀ọ̀kan á sì di tirẹ̀ mú tààrà. Bí VNF yín bá jẹ́ ẹyọ kan, bíi firewall tí pákẹ́ẹ̀tì kàn ń wọlé tó ń jáde, èmi ò ní wá nǹkan mìíràn. Wàhálà dé bí VNF bá di mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó tò tẹ̀lé ara wọn nínú sáfà kan. Pákẹ́ẹ̀tì tó ń ti ọ̀dọ̀ firewall lọ sọ́dọ̀ router á gba PCIe, ọ̀nà tó so káàdì mọ́ sáfà, sọ̀kalẹ̀ sínú káàdì, á tún gba PCIe padà gòkè. PCIe lè kún kí CPU tó rẹ̀. Bákan náà, VM tó ti so mọ́ káàdì kì í rọrùn ṣí lọ sórí sáfà mìíràn nígbà tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́.

OVS-DPDK. Fún VNF tó tò tẹ̀lé ara wọn, èyí ni mo fara mọ́: OVS, switch oní-sọ́fítíwíà, tó ń lo DPDK. DPDK, tó bẹ̀rẹ̀ ní Intel ní 2010, tó sì wà lábẹ́ Linux Foundation láti 2017, ń gba káàdì lọ́wọ́ kernel (ọkàn Linux). Core kan (ẹ̀ka CPU kan) á jókòó ti káàdì, á máa wò ó láìsinmi bóyá pákẹ́ẹ̀tì ti dé. Láàárín VM kan sí èkejì, inú mẹ́mórì ni pákẹ́ẹ̀tì ń gbà, nípasẹ̀ vhost-user, ọ̀nà tí VM àti switch fi ń pín mẹ́mórì lò, kò kan káàdì rárá. Owó rẹ̀ wà níbòmíràn: core yẹn á máa ṣiṣẹ́ ní 100% bí pákẹ́ẹ̀tì kankan kò tilẹ̀ sí. Bí sáfà bá ní core 32, tí switch sì gba 4, 28 lẹ ní fún iṣẹ́ yín. Ọ̀pọ̀ olùrà kì í ka èyí mọ́ owó.

XDP. Ètò kékeré ló ń ṣiṣẹ́ lórí pákẹ́ẹ̀tì nínú kernel ní kété tó bá dé. Láti Linux 4.8 ní 2016 ló ti wà. Káàdì ṣì wà lọ́wọ́ kernel, kò sì sí core tó ń jó lásán. Ó dára gan-an fún dída pákẹ́ẹ̀tì ìkọlù DDoS nù àti pínpín ẹrù. Fún VNF ńlá inú VM, ẹ má fi í rọ́pò àwọn méjì òkè.

Ẹni tó ń tajà lè fi pákẹ́ẹ̀tì oníbáìtì 1518 ṣe àyẹ̀wò, kó ní ìlà kún. Lórí gígábíìtì 10, nǹkan bíi 812,000 lásán nìyẹn ní ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ ní kó fi oníbáìtì 64 hàn yín, kó sọ iye core tó lò, àti bóyá pákẹ́ẹ̀tì kankan sọnù. Bí sáfà bá ní CPU méjì, ẹ wo fáìlì numa_node káàdì náà ní Linux, tó ń sọ CPU tí káàdì sún mọ́: nọ́ńbà ibẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti àwọn core tí VNF ń lò mu, torí pákẹ́ẹ̀tì tó bá ń sọdá láti CPU kan sí èkejì ń pẹ́ lọ́nà.