Irin táyà márùn-ún tí èmi àti àwọn ọmọ fi ń gé ṣín-ṣín

Ọjà Ògùnpa n'Ìbàdàn ni mo ti ra irin yìí, ní ìsọ̀ àwọn tó ń ta páànù àti ohun èlò kéèkì, nígbà tí ọlidé Kérésìmesì kù dẹ̀dẹ̀. ₦4,500 ni ìyá tó tà á gbà lọ́wọ́ mi lẹ́yìn tí mo ti ná an dáadáa. Táyà pẹlẹbẹ márùn-ún ló wà lára rẹ̀, wọ́n tò wọ́n sórí irin tó ṣeé fà tó sì ṣeé sún pọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ṣín-ṣín wẹ́wẹ́, ẹ sún un. Bí ẹ bá fẹ́ èyí tó tóbi, ẹ fà á.

Àwọn kan ń sọ pé kí ni irin yìí fẹ́ ṣe tí ọ̀bẹ ò lè ṣe. Ẹni tó ń dá dín ṣín-ṣín tà lè sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ní ọmọ kéékèèké nílé, olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi sì ni mí. Ohun tí mò ń wá ni ohun tí ọmọ lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe láìfi ara ṣèṣe, tí yóò sì kọ́ nǹkan níbẹ̀. N kì í gbé ọ̀bẹ fún ọmọ ọdún mẹ́rin. Táyà yìí, ó lè yí i.

Díẹ̀díẹ̀ la máa ń po ṣín-ṣín: ìdajì kílò fúláwà, 100 gíráàmù ṣúgà, 100 gíráàmù bọ́tà, ẹyin kan, mílíìkì ní ìwọ̀nba, iyọ̀ díẹ̀, àti nọ́tímẹ́ẹ̀gì tí èmi fúnra mi rin. Àkànní, ọmọ ọdún mẹ́fà, ló ń wo òṣùwọ̀n, tó sì ń pariwo "Ó tó!" bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti dé 100. Òun náà ló ń fọ́ ẹyin, sínú abọ́ ọ̀tọ̀, kí a lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti bàjẹ́. Àdùkẹ́, àbúrò rẹ̀, ló ń fọwọ́ ra bọ́tà mọ́ fúláwà títí yóò fi rí bíi yanrìn etí odò. Mo máa ń ní kó sọ bó ṣe ń rí lọ́wọ́ rẹ̀ fún mi. Ó gbẹ. Ó tutù. Ó ti ń lẹ̀ báyìí, Màámi. Kò sí káàdì tí a lẹ̀ mọ́ ògiri kíláàsì tó lè fún ọmọ ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí irin náà ti wú mi lórí jù ni ìṣirò. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ lò ó, a tẹ́ fúláwà pẹlẹbẹ, kò nípọn ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ, Àkànní sì ti irin náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ka táyà, ó jẹ́ márùn-ún. Ó ka ọ̀já fúláwà tó wà láàárín wọn, ó jẹ́ mẹ́rin. Ó tún un kà. Ó ní, "Màámi, ọ̀kan ti sọnù." Mi ò ṣàlàyé kankan fún un. Mo ní kó na ìka ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún, kó ka ìka, kó sì wá ka àlàfo tó wà láàárín wọn. Ó tẹjú mọ́ ọwọ́ náà fún ìgbà díẹ̀, ló bá bú sẹ́rìn-ín: "Àárín la máa jẹ!"

Ó wá gé e ní ìbú, ọ̀já mẹ́rin di ẹyọ mẹ́rìndínlógún. Nígbà tí ẹyọ pọ̀ sí i, mo ní kí Àdùkẹ́ to ogún ẹyọ sórí tíréè, kó yọ mẹ́rin kúrò, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ka èyí tó ṣẹ́ kù. Mẹ́rìndínlógún tí wọ́n ti ń kọ lórin tẹ́lẹ̀, ojú wọn rí i lọ́jọ́ náà.

Irin yìí ní àléébù, mi ò sì ní fi pamọ́ fún ẹlòmíì tó fẹ́ rà á fún ọmọdé. Ibi tó ti ń ṣẹ́ pọ̀ máa ń há ìka. Nítorí náà, èmi ni mo máa ń fà á dé ìwọ̀n tí mo fẹ́, tí mo sì máa ń dè é pinpin kí ọmọ kankan tó fọwọ́ kàn án. Nọ́ọ̀tì rẹ̀ kéré, ó sì ń tú: ẹ kà wọ́n kí ẹ tó lò ó, ẹ tún kà wọ́n lẹ́yìn rẹ̀, kí ọ̀kan má lọ bọ́ sínú ohun tí ọmọ yóò jẹ. Ọmọ tí kò lágbára yóò gé ẹ̀gbẹ́ kan já, ẹ̀gbẹ́ kejì yóò sì ṣẹ́ kù, àfi kí ẹ gbé ọwọ́ yín lé tirẹ̀. Irin náà sì ń ha rọ́bà orí tábìlì, orí pátákó ni kí ẹ ti lò ó. Kí ó má baà lẹ̀, ẹ yí táyà rẹ̀ nínú fúláwà gbígbẹ ná. Bí ẹ bá fọ̀ ọ́ tán, ẹ nù ún gbẹ lójú ẹsẹ̀, torí ibi ìdè rẹ̀ ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Dídín ṣín-ṣín kì í ṣe iṣẹ́ ọmọdé. Mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì, wọn ò gbọdọ̀ kọjá rẹ̀. Iṣẹ́ tiwọn níbẹ̀ ni kí wọ́n máa wo àwọ̀. A máa ń kó o kúrò nínú òróró kó tó pọ́n tán, torí ó ṣì ń pọ́n sí i lórí asẹ́. Àkànní ti mọ ìgbà tó yẹ kó pè mí.

Bó bá tutù, wọ́n á kà á sínú ọ̀rá, ogún ogún, wọ́n á gbé ti ilé Alhaja lọ fún wọn. Nígbà Ìtúnu Àwẹ̀, àwọn ọmọ Alhaja náà wá bá wa gé tiwọn.

Bí ẹ bá dé ọjà, ẹ má ṣe gba èyí tí wọ́n ti dì sínú ọ̀rá láìtú u. Ẹ fi ìka yí táyà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá yí wọ́ọ́rọ́ níbẹ̀, fífà ni yóò máa fa fúláwà nílé, ẹ dá a padà kí ẹ mú òmíràn.