Òṣùwọ̀n kékeré, kálípà àti ife omi: ohun tí mo fi ń ra owó wúrà l'Abuja

Bí owó yín bá mọ sí ohun kan ṣoṣo kí ẹ tó lọ ra owó wúrà, ìyẹn owó ẹyọ tí wọ́n fi wúrà ṣe, òṣùwọ̀n kékeré onínọ́ńbà ni kí ẹ rà. Kálípà, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn fífẹ̀ àti nínípọn nǹkan, ni kó tẹ̀ lé e. Òòfà tí gbogbo èèyàn ń gbé kiri ọjà yẹn kò ṣe nǹkan púpọ̀. Lóòótọ́, òòfà kì í fa wúrà, ṣùgbọ́n kì í fa bàbà, idẹ àti òjé náà, àwọn wọ̀nyí sì ni wọ́n sábà fi ń ṣe ayédèrú. Onírin nìkan ni òòfà máa mú, ẹni tó bá sì fi irin ṣe ayédèrú wúrà, ọ̀lẹ ni nídìí iṣẹ́ jìbìtì.

Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ kó máa wá iye tirẹ̀ lọ́jà, ọ̀pọ̀ nínú àwa òṣìṣẹ́ tó wà l'Abuja ló ń wá ohun tí a ó fi owó wa rà kó má baà yọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Àwọn kan ra dọ́là ní Zone 4, àwọn kan ra ilẹ̀ ní Lugbe. (Ilẹ̀ náà ní ayédèrú tirẹ̀, àmọ́ ìyẹn di ọjọ́ mìíràn.) Èmi ń ra Krugerrand àti sovereign díẹ̀díẹ̀, nítorí wọ́n rọrùn láti gbé, wọ́n sì rọrùn láti tà. Krugerrand ni South Africa ti ń ṣe láti 1967, sovereign ni ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wúrà kárààtì 22 ni méjèèjì, ìyẹn ni pé apá 22 nínú 24 ni wúrà.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti ra òṣùwọ̀n náà, wọ́n sì gbé e wá bá mi ní Kubwa. Kò ju fóònù kékeré lọ, ó wọ àpò ṣòkòtò. 200 g ni ohun tó wúwo jù tó lè gbà, ó sì ń kà dé 0.01 g. Ohun tó dára jù nínú páálí rẹ̀ ni irin kékeré tó wúwo 100 g tí wọ́n fi sí i, èyí tí ẹ ó fi máa dán òṣùwọ̀n wò bóyá òótọ́ ló ń sọ. Àléébù rẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ díẹ̀ ti tó láti dà á láàmú. Bí fáànù bá ń yí lókè, nọ́ńbà kò ní dúró lójú kan, nítorí náà ẹ ní kí wọ́n pa fáànù ná, kódà nínú ooru oṣù Kẹta. Ẹni tí kò bá fẹ́ pa fáànù fún yín, ẹ máa wò ó dáadáa.

Kálípà oníke ni mo rà, kì í ṣe onírin. Onírin máa ń kà jinlẹ̀ jù ú lọ, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ lè ha owó, bẹ́ẹ̀ owó tí wọ́n bá ha lára kì í wọ ojú ẹni tó ń kó o jọ mọ́. Ti èmi kò kà ju 0.1 mm lọ, ó sì tó. Bátìrì rẹ̀ ló ń bí mi nínú: bí ẹ kò bá yọ ọ́ kúrò lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ ó ba á ní òkú lọ́jọ́ tí ẹ nílò rẹ̀ jù.

Ìwọ̀n wọn wà nínú fóònù mi. Krugerrand: 33.93 g, fífẹ̀ rẹ̀ 32.77 mm, nínípọn rẹ̀ 2.84 mm. Sovereign: 7.99 g, 22.05 mm, 1.52 mm. Wúrà wúwo ju ọ̀pọ̀ ohun tí ọlọ́jà lè rí lówó pọ́ọ́kú lọ. Bí wọ́n bá fi bàbà tàbí òjé ṣe é ní ìwọ̀n fífẹ̀ àti nínípọn tó yẹ, yóò fúyẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ kó wúwo tó, àfi kó nípọn jù tàbí kó fẹ̀ jù. Ìdí nìyí tí òṣùwọ̀n nìkan kò fi tó. Nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ bára mu lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọlọ́jà kan ní Wuse. Ó yọ Krugerrand kan látinú tíṣù, ó ń dán gbinrin, owó tó ní kí n san kò sì wọ́n rárá. Mo gbé e lé òṣùwọ̀n: kò ju nǹkan bíi 22 g lọ. Ó ní òṣùwọ̀n mi ti bàjẹ́. Mo gbé irin 100 g lé e, ó kà 100.00 níṣojú rẹ̀. Ó yí ohùn padà: "Ẹ̀gbọ́n, owó àtijọ́ ni, ó ti jẹra díẹ̀ ni." Wúrà ló ní ó jẹra o! Mo fi kálípà mú etí rẹ̀, ó kà 3.6 mm. Ó nípọn ju bó ṣe yẹ lọ, síbẹ̀ kò wúwo tó. Mo gbé e lé e lọ́wọ́, mo ní ẹ ṣeun, mo bá tèmi lọ. Bí mo ti ń jáde ló ń pè mí padà pé òun á dín in kù.

Ìdánwò tí mo fẹ́ràn jù kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ gbé ife oníke tí omi wà nínú rẹ̀ lé òṣùwọ̀n, ẹ tẹ bọ́tìnnì kó padà sí òdo. Ẹ fi òwú tẹ́ẹ́rẹ́ so owó náà, ẹ rì í sínú omi títí omi yóò fi bò ó mọ́lẹ̀, àmọ́ kó má kan ìsàlẹ̀ ife, kó má sì kan ẹ̀gbẹ́. Bí ìfófòó bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ gbọ̀n ọ́n kúrò. Nọ́ńbà tí òṣùwọ̀n bá mú wá, òun ni kí ẹ fi pín ìwọ̀n owó náà. Fún Krugerrand, omi yóò fi nǹkan bíi 1.93 g hàn, tí ẹ bá sì fi pín 33.93, ẹ ó rí nǹkan bíi 17.6, ìyẹn iye ìlọ́po tí owó náà fi wúwo ju omi tó tóbi bíi tirẹ̀ lọ. Bàbà kò tó 9, òjé kò ju 11.3 lọ. Nílé ni mo ti máa ń ṣe èyí, nítorí kò sí ọlọ́jà tó fẹ́ kí n máa da omi sórí káńtà rẹ̀.

Tungsten, irin líle kan, ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ le. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo bí wúrà tí kò lábùlà, tirẹ̀ jẹ́ 19.25, ti wúrà jẹ́ 19.3, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá fi wúrà bo tungsten, omi lè máà mú un. Ṣùgbọ́n wúrà tí kò lábùlà bíi Maple Leaf ti Kánádà ni irú ìyẹn bá mu jù. Ní ti Krugerrand tí bàbà wà nínú rẹ̀, tungsten á wúwo jù. Fún èyí, mo máa ń gbé owó sórí ìka kan, kí n fi owó mìíràn kàn án jẹ́ẹ́jẹ́. Wúrà gidi á dún gbooro bí agogo. Ayédèrú á kàn ní "kó", á sì dákẹ́.

Àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà lọ́jà á ní kí ẹ jẹ́ kí àwọn ha á sórí òkúta, kí àwọn sì kán ásíìdì sí i. Fún ẹ̀gbà ọrùn, ó dára. Fún owó tí ẹ fẹ́ tọ́jú, ẹ má gbà. Ojú ara nìkan náà ni ásíìdì ń dán wò, ẹ̀rọ XRF tí àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá ní, tó ń fi ìtànṣán yẹ wúrà wò, kò sì wọ inú jìnnà.

Ṣọ́ọ̀bù tí mo wá dúró tì wà ní Wuse 2, ọmọ Ìlọrin ló ni ín. Kì í dín owó kù rárá, ìyẹn ni àléébù rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló máa ń pa fáànù, á ní, "Ẹ wọ̀n ọ́n wò, ẹ̀gbọ́n." Bó ṣe ń ṣírò owó rẹ̀ náà tẹ́ mi lọ́rùn. Wúrà gidi tó wà nínú Krugerrand jẹ́ 31.10 g, ìyókù bàbà ni. Àwọn ọlọ́jà kan á fi iye gíráàmù kárààtì 24 ṣírò gbogbo 33.93 g fún yín, ẹ ó sì ti fi nǹkan bíi 9 nínú ọgọ́rùn-ún lé e láìmọ̀. Ti sovereign, 7.32 g ni kí ẹ ṣírò.

Ohun kan wà tí gbogbo irinṣẹ́ mi kò lè mú. Ní nǹkan bí ọdún 1950 sí 1970, wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ ayédèrú sovereign ní Beirut àti láwọn ibòmíràn, tí wúrà inú wọn sì péye tàbí kó fẹ́rẹ̀ẹ́ péye. Òṣùwọ̀n á gbà á, omi á gbà á. Irú èyí, awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ni mo fi ń wò ó: ṣé lẹ́tà B.P. tó wà nísàlẹ̀, ti Pistrucci tó ya àwòrán Saint George ẹlẹ́ṣin sí ẹ̀yìn owó náà, hàn kedere, àbí ó ti pò pọ̀? Ṣé ojú owó náà ń dán, àbí ó rí wínníwínní bí iyanrìn? Kódà bí ó bá jẹ́ ayédèrú, wúrà inú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, kò sì pa mí lára tó bá jẹ́ iye wúrà ni mo san. Ẹni tó san owó gọbọi nítorí ọdún tó ṣọ̀wọ́n ni ó gbé ìyà náà.

Ọlọ́jà mìíràn ní sovereign kan tó ní ọdún rẹ̀ ṣọ̀wọ́n gan-an, ó sì fẹ́ ìlọ́po mẹ́ta iye wúrà inú rẹ̀. Mo ní kó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí NGC tàbí PCGS, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń yẹ owó ẹyọ wò tí wọ́n sì ń tì í mọ́nú ike tó ní nọ́ńbà, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí n sì fúnra mi yẹ nọ́ńbà ara ike rẹ̀ wò lórí ìkànnì wọn, torí wọ́n ń ṣe ayédèrú ike náà pẹ̀lú. Ó ní òun kò ní àkókò ìyẹn, pé àwọn tó fẹ́ rà á pọ̀. Ó ṣì wà nínú gíláàsì rẹ̀ nígbà tí mo kọjá níbẹ̀ kẹ́yìn, owó rẹ̀ sì ti wálẹ̀.