Ọ̀dọ̀ màmá tó ń múra wa sílẹ̀ de dónọ̀ ní Alágbàká, Àkúrẹ́

₦25,000 tí mo san fún ìjókòó mẹ́ta tí màmá yìí fi kọ́ mi bí a ṣe ń dá dónọ̀, ìyẹn àwọn tó ń fún àjọ lówó, lóhùn kò dùn mí rárá. ₦6,000 tí mo fi tẹ̀wé lọ́dọ̀ wọn ló ń ta mí lára títí di òní.

Èmi àti obìnrin méjì la jọ ń kọ́ ọmọ àwọn ìyá ọlọ́jà ní ìwé kíkà lẹ́yìn iléèwé, nítòsí Ọjà Ọba. Ọmọ 46 ni wọ́n. USAID, àjọ ìrànwọ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí wọ́n tì pa ní oṣù Keje 2025 ò fún wa ní kọ́bọ̀ rí, ṣùgbọ́n àwọn àjọ ńlá tó ń gbowó níbẹ̀ ti wá bá wa tò sẹ́nu ọ̀nà àwọn olówó kéékèèké. Nígbà tí àjọ kan tó ń fúnni lówó láti Èkó wá ní àwọn ń bọ̀ wá rí wa, àyà mi já. Ọ̀rẹ́ mi ló júwe màmá yìí fún mi, òṣìṣẹ́ báńkì tó ti fẹ̀yìn tì.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọn ò tilẹ̀ bi mí ní iṣẹ́ tí à ń ṣe. "Kó ìwé ẹ jáde." Ìwé-ẹ̀rí CAC tó fi hàn pé a forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba gẹ́gẹ́ bí Incorporated Trustees (àjọ tí kì í ṣe fún èrè), ti SCUML, ẹ̀ka EFCC tó ń gbógun ti fífọ owó ẹ̀gbin, àti ìṣirò owó tí akáǹtáǹtì fọwọ́ sí. Mo ní ti SCUML wà nílé. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, dónọ̀ ò ní bá ọ délé." Mo wọ kẹ̀kẹ́ padà sí Òkè-Àró lọ mú un wá.

Ìjókòó kejì ni mo torí ẹ̀ ń kọ eléyìí. Màmá bọ́ sẹ́yìn tábìlì, wọ́n gbé awò ojú wọ̀, wọ́n di dónọ̀. Ẹ̀rín tán lẹ́nu wọn. "Èló lẹ̀ ń ná lórí ọmọ kan lọ́dún?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò fún wọn bí a ṣe bẹ̀rẹ̀. "Ìyẹn kọ́ ni mo bèèrè." Òógùn bò mí lábẹ́ fáànù. A jọ pín in: ìwé, owó olùkọ́, owó yàrá tí à ń lò, omi àti bisikíìtì. Ó já sí ₦38,000. Ọdún mẹ́ta ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí o, mi ò pín in rí!

"Tí a bá fún yín ní ìdajì, ọmọ wo lẹ máa dá padà sílé?" Mi ò rí èsì. "Ta ló ń gbọ́ bùkátà yín báyìí?" Mo ní Ọlọ́run ni. Wọ́n ní, "Ó dáa. Èló ni Ó san lọ́dún tó kọjá? Kọ ọ́ sílẹ̀." Ibi tí a ti ń rẹ́rìn-ín ni mo ti mẹ́nu kan ₦200 tí ìyá kọ̀ọ̀kan ń dá lọ́sẹ̀ lórí ọmọ rẹ̀. Màmá yọ awò ojú. Wọ́n ní kí n máa fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi: pé ìyá tó ń ta ewédú ti kọ́kọ́ dáwó kí n tó wá bẹ ẹnikẹ́ni.

Ìjókòó kẹta ò ní nǹkan púpọ̀: aṣọ, ìkíni, kí n má kó ọmọ wá jó fún àlejò. Wọ́n sì pẹ́ dé, ìṣẹ́jú 50 ni mo fi jókòó sí kọ́rídọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwé títẹ̀ wá ńkọ́, ìwé tó yẹ kó ṣàlàyé iṣẹ́ wa fún dónọ̀? Ọmọ tó ń bá wọn tẹ̀wé kàn kọ orúkọ wa sórí ìwé oníbàárà mìíràn ni. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìpàdé ni mo rí i lójú ewé kejì pé à ń gbẹ́ kànga fún abúlé mẹ́rin! Fọ́tò àwọn ọmọ sì dúdú bí èédú. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé fún akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu ọ̀nà yunifásítì FUTA ni mo sá lọ láàárọ̀ kùtù, wọ́n gba ₦3,000.

Àwọn ará Èkó dé. Wọn ò tíì mu omi tán tí wọ́n fi bèèrè iye tí à ń ná lórí ọmọ kan. Mo dá wọn lóhùn, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọn ò tíì fún wa lówó, ṣùgbọ́n wọ́n ti ní ká fi ẹ̀dà SCUML ránṣẹ́.

Tí ẹ bá fẹ́ lọ, àárọ̀ ni kí ẹ lọ, torí wọn kì í tan jẹnẹrétọ̀ lọ́sàn-án. Ẹ kó gbogbo ìwé yín dání. Tí wọ́n bá ní àwọn máa bá yín tẹ̀ ẹ́, ẹ ní ẹ ti tẹ̀ ẹ́.