OpenSees: ètò ọ̀fẹ́ fún ẹni tó ń ṣírò bí táńkì orí irin ṣe ń mì

Ọ̀fẹ́ ni OpenSees, láti Yunifásítì California ní Berkeley. Ẹ̀rọ ìṣírò gidi ni fún ilé, afárá àti òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹni tó bá ti ní Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, `pip install openseespy` ló kù. Lórí Windows, ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀dà Python tó fẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní ṣiṣẹ́. Kò sí àwòrán tí èèyàn ń tẹ̀. Kíkọ ni gbogbo rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú táńkì lítà 5000 tó kún dẹ́nu, irú èyí tó wà lórí irin káàkiri Tanke ní Ìlọrin. Omi rẹ̀ jẹ́ kílò 5000. Tí irin náà bá le tó 800,000 N/m (Newton fún mítà kan), tí a kò sì ka ìwúwo irin mọ́ ọn, táńkì á lọ, á bọ̀ láàárín ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: ètò yìí kò mọ kílò yàtọ̀ sí Newton, òṣùwọ̀n agbára. Ẹ kọ 49,050, ìyẹn ìwúwo omi náà ní Newton, síbi tó yẹ kí 5000 wà, kò ní ta kò yín rárá, ìṣẹ́jú àáyá 0.5 á kàn di 1.56.

Integrator ni ọ̀nà tí ètò náà ń gbà ṣírò mímì láti ìgbà kan sí ìkejì; àlàfo àárín ìgbà méjì náà, ní ìṣẹ́jú àáyá, ni à ń pè ní ìgbésẹ̀. `integrator('Newmark', 0.5, 0.25)` ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí irin kò bá tíì tẹ̀ kọjá ibi tó ti lè padà sípò, iye tí ètò náà ń ṣírò kò ní fò sókè, bó ti wù kí ìgbésẹ̀ gùn tó. Àmọ́ pé kò fò kò ní kó péye. Ìgbésẹ̀ 0.05 á fi nǹkan bí ìdá 3 nínú 100 kún àkókò lílọbọ̀ táńkì, 0.025 kò ní fi tó ìdá 1 kún un. `analyze(400, 0.025)` á fún yín ní ìṣẹ́jú àáyá 10.

`CentralDifference`, integrator mìíràn, yá, ṣùgbọ́n ó lófin: ìgbésẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá àkókò lílọbọ̀ tó kúrú jù lọ, tí a pín sí 3.14. Táńkì nìkan á gba 0.158. Ẹ wá fi irin kúkúrú kan tó ń lọ, tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 0.002 kún un: ìgbésẹ̀ gbọ́dọ̀ wá sí ìsàlẹ̀ 0.0006. Ẹ kọjá ibẹ̀, mìlímítà á di bílíọ̀nù.

Ẹ ṣọ́ra fún HHT, integrator mìíràn tí a ń fún ní iye kan tó ń jẹ́ alpha. Nínú ìwé, alpha wà láàárín -1/3 àti 0; nínú OpenSees, 2/3 sí 1 ni. -0.1 inú ìwé, 0.9 ni níbí. Ohun tó ṣeé fi ṣì ọ̀nà gan-an ni, ó sì yẹ kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà.

Kí ẹ tó gbé ẹ̀fúùfù lé e, ẹ fa táńkì ní mìlímítà 10, kí ẹ tú u sílẹ̀ láìfi ohun tó ń dín mímì kù sí i. Pẹ̀lú Newmark yìí, ó gbọ́dọ̀ máa padà dé 10 ní ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Tó bá ń dínkù, ẹ lọ wo integrator yín. Tó bá pẹ́ kó tó padà, ẹ lọ wo kílò.