Tektro RL340 àti R559: ọwọ́ bíréèkì àti bíréèkì tó bára wọn mu lórí kẹ̀kẹ́ eré àtijọ́

Bí kẹ̀kẹ́ eré àtijọ́ bá wà nílé yín, tí ẹ fẹ́ kó máa dúró nígbà tí ẹ bá ní kó dúró, ẹ ra méjèèjì yìí pọ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ bíréèkì mìíràn pààrọ̀ RL340 fún yín. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀.

Onírin ni kẹ̀kẹ́ tèmi, ọwọ́ rẹ̀ ká bí ìwo àgbò, ẹsẹ̀ oní-íńṣì 27 ló sì bá wáyé. Ríìmù 27 fẹ̀ ní mìlímítà 630 níbi tí táyà ń jókòó sí. Mo pààrọ̀ rẹ̀ sí ẹsẹ̀ 700C tó wọ́pọ̀ lóde òní, ríìmù tirẹ̀ sì jẹ́ 622. Ẹ yọ ìkan kúrò nínú èkejì, kí ẹ pín in sí méjì: mìlímítà 4 ni rọ́bà bíréèkì gbọ́dọ̀ fi sọ̀ kalẹ̀ sí i kó tó bá ríìmù tuntun. Kò jọ nǹkan kan lójú, àmọ́ bíréèkì tí kẹ̀kẹ́ náà bá wá ti lo gbogbo àyè rẹ̀ tán, rọ́bà rẹ̀ wá ń họ táyà. Táyà tí rọ́bà bá ń họ, bó pẹ́ bó yá, á bẹ́.

Ibi tí R559 ti wúlò nìyẹn. Apá rẹ̀ gùn: láti ibi bóòtì dé ibi rọ́bà, ẹ lè sún un láàárín mìlímítà 55 sí 73. Kí ẹ tó rà á, ẹ fi rúlà wọn tiyín láti àárín ihò tó wà lórí fọ́ọ̀kì dé àárín ojú ríìmù tí rọ́bà máa tẹ̀. Tèmi jẹ́ 65 níwájú, tẹ̀yìn lé díẹ̀. Ẹ tún wo bóòtì. Fírémù àtijọ́ fẹ́ bóòtì gígùn tó yọ sóde lódì kejì, tí nọ́ọ̀tì lásán á dè. Tòde òní ń lo nọ́ọ̀tì tó rì sínú ihò. Oríṣi méjèèjì ni wọ́n ń ṣe R559 sí. Àwọn tó bá ra èyí tí kò yẹ máa ń fi dírìlì fẹ ihò ẹ̀yìn fọ́ọ̀kì. Ó ṣeé ṣe o, àmọ́ kí ló dé tí ẹ ó fi gbẹ́ irin tí ẹ ò ní rí rà mọ́?

Apá gígùn ní àléébù tirẹ̀: bó ṣe ń gùn sí i ni agbára ń dín, á sì máa tẹ̀ díẹ̀ bí ọwọ́ bá le mọ́ ọn. Mo fi rọ́bà Kool-Stop, èyí tó pupa rẹ́súrẹ́sú, sí tèmi, ó sì dí àlàfo yẹn. Ká sòótọ́, ríìmù alúmíníọ̀mù náà ní ìpín tirẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Ríìmù irin tí wọ́n fi kúróòmù bò, bí òjò bá ti pa á, àdúrà ló kù.

Ó wá ku ọwọ́ bíréèkì, níbi tí owó ti ń ṣòfò jù. Ẹ tẹ ọwọ́ náà wò kí ẹ tó so wáyà mọ́ ọn. Ẹ ó rí ìṣó tó fi ń yí, ẹ ó sì rí ihò kékeré tí orí wáyà ń jókòó sí. Àárín ibi méjèèjì ni kí ẹ wò. Bí orí wáyà bá sún mọ́ ìṣó, wáyà díẹ̀ ni ọwọ́ náà ń fà, àmọ́ tagbáratagbára ni. Bó bá jìnnà sí i, wáyà púpọ̀ ló ń fà, agbára á sì dín. Bíréèkì tó ń fún ríìmù láti òkè, tàtijọ́ àti tìsinsìnyí, ìfà kúkúrú ló fẹ́. V-brake, bíréèkì alápá gígùn méjì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ríìmù, tí Shimano gbé jáde ní 1996, fẹ́ ìfà gígùn, bí ìlọ́po méjì, torí apá rẹ̀ lé ní mìlímítà 100.

RL340 ń fa kúkúrú. Tektro kan náà ń ṣe RL520, tó ń fa gígùn. Ojú lásán ò fi bẹ́ẹ̀ lè yà wọ́n sọ́tọ̀, nọ́ńbà wọn ni kí ẹ kà. Ẹnì kan tó ń tajà sọ fún mi pé, “Ọ̀gá, ìkan náà ni gbogbo wọn, èyí tó bá wà ni kí ẹ gbé.” Irọ́ ni. Mo ti gun kẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi kan tó de ọwọ́ onífà gígùn mọ́ bíréèkì kẹ̀kẹ́ eré. Ó le gbagidi lọ́wọ́, ẹ ó rò pé ó ń mú gan-an ni, kẹ̀kẹ́ ò sì dúró àfi bí ẹ bá fi gbogbo ìka fún un. Òdìkejì rẹ̀ ló tiẹ̀ burú jù: ọwọ́ onífà kúkúrú lórí V-brake á rọ̀ wá títí á fi kan irin ọwọ́ kẹ̀kẹ́, rọ́bà ò sì tíì mú. Bí ẹ bá ní kí ẹ sún rọ́bà mọ́ ríìmù pẹ́kípẹ́kí, kí ẹsẹ̀ ṣáà wọ́ díẹ̀, á máa ha á lọ ni. Ẹni tó bá ní V-brake, kó lọ ra RL520. Bíréèkì onídíìsìkì tó ń lo wáyà náà pín sí méjì bẹ́ẹ̀: Avid BB7 ti Road (kẹ̀kẹ́ eré) wà, ti MTN (kẹ̀kẹ́ orí-òkè) wà.

Lọ́wọ́, RL340 gbòòrò, àtẹ́lẹwọ́ sinmi lé e ju tàtijọ́ lọ, wáyà sì ń gba abẹ́ téèpù tí wọ́n fi wé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kọjá dípò kó máa yọ sókè. Wáyà kẹ̀kẹ́ eré ni kí ẹ rà; orí wáyà kẹ̀kẹ́ orí-òkè yàtọ̀, kò ní jókòó dáadáa. Bí ẹ bá gé páìpù wáyà, ẹ fi fáìlì ra ẹnu rẹ̀ kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹnu tó bá wọ́ á máa rún bí ẹ bá ṣe ń tẹ bíréèkì, ẹ ó sì máa bú ọwọ́ bíréèkì tí kò ṣẹ̀ yín.

Bí ẹsẹ̀ 27 yín bá ṣì wà níbẹ̀, tí bíréèkì àtijọ́ sì ń mú, RL340 nìkan tó yín. Ẹ fi owó R559 pamọ́.