Golden syrup ti Lyle's nínú bísíkíìtì Anzac

Ẹni tó bá fẹ́ yan bísíkíìtì Anzac, ìyẹn bísíkíìtì oats àti àgbọn, bí àwọn ará Ọsirélíà àti New Zealand ṣe ń yan án láyé àtijọ́, golden syrup ti Lyle's, ìyẹn omi ṣúgà tó ki tó sì ní àwọ̀ wúrà, tó wà nínú agolo aláwọ̀ ewé àti wúrà ni kó rà. Láti 1885 ni wọ́n ti ń tà á nínú agolo ní Bírítéènì. Kò sí ẹyin nínú bísíkíìtì náà. Syrup ló ń so ó pọ̀. Bí a bá fi oyin rọ́pò rẹ̀, yóò tètè pọ́n, adùn oyin á sì bo ti oats.

Ẹ yọ́ bọ́tà gíráàmù 125 pẹ̀lú syrup ṣíbí ìjẹun 2. Ẹ po baking soda ìlàjì ṣíbí tíì mọ́ omi híhó ṣíbí ìjẹun 2, kí ẹ dà á sí i. Yóò ru gùdù, nítorí náà kí ìkòkò tóbi! Ẹ rò ó mọ́ oats, fláwà àti ṣúgà, ife kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àgbọn gbígbẹ tó dín díẹ̀ ní ife kan. Ẹ yan án ní 160°C fún ìṣẹ́jú 12 sí 15. Yóò ṣì rọ̀ nígbà tí ẹ bá yọ ọ́. Ìgbà tó bá tutù ló ń le.

Bí ó bá tẹ́ pẹlẹbẹ jù, syrup ló sábà máa ń pọ̀ jù. Ẹ ki ṣíbí bọ omi gbígbóná kí ẹ tó fi wọn syrup, kò ní lẹ̀ mọ́ ọn. Ìgò onírọ́bà rẹ̀ rọrùn láti fún, àmọ́ agolo ló yẹ ayanbísíkíìtì.